Àgbàlá, òpó àti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò: Ọgbọ́n wo ló wà nínú agbo ilé tí à ń wó dànù?

Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Abidjan tó ń lọ sí Bouaké, ìlú Djébonoua ló máa gbà kọjá kó tó wọ Bouaké. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni. Bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì wọ abúlé tó wà lágbègbè náà, ohun tó máa kọ́kọ́ rí kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá: ilé tí wọ́n kọjú sí ara wọn, àgbàlá láàrin tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, àti ibi ìdáná àwọn obìnrin lápá kan.

Awlo ni àwọn Baoulé ń pe àgbàlá yìí. Inú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ti fa èyí tí wọ́n fi ń pe ẹbí tó ń gbé ibẹ̀ yọ. Yorùbá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní "agbo ilé wa", kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan ni wọ́n ń sọ, àwọn èèyàn inú rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti wà ní Côte d'Ivoire. Anago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún 1912 ni ojú irin tí wọ́n là láti Abidjan dé Bouaké, ibi tí rélùwéè bá sì dé, ọjà kì í pẹ́ débẹ̀. Òwò ló gbé àwọn èèyàn wa lọ, owó òwò náà ló sì ń padà wá kọ́lé sí Èjìgbò títí di òní. Bulọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àti páànù ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àgbàlá ni kò sí nínú púpọ̀ wọn mọ́.

Kò sẹ́ni tó máa bá ẹni tó fi òógùn ojú kọ́lé jà nítorí bó ṣe kọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí ooru ń le sí i, tí owó iná mànàmáná ń lọ sókè, tí omi sì ń wọ́n lójú ẹ̀rọ, ó yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tí àwọn tó kọ́lé láì ní fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù mọ̀ tí àwa ti gbàgbé.

Kí ni àwọn ará Róòmù sọ nípa ilé?

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vitruvius ní Róòmù kọ ìwé nípa ilé kíkọ́. Ohun mẹ́ta ló ní ilé gbọ́dọ̀ ní: kó lágbára, kó wúlò fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kó sì dùn ún wò. Láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán ilé ní Yúróòpù ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń pè ní ìlànà àtayébáyé kà: kí apá ọ̀tún ilé bá apá òsì dọ́gba, kí gígùn àti ìbú bára mu, kí òpó máa gbé òrùlé lọ́nà tí ojú yóò fi rí i pé ó ń gbé e.

Ilé àwọn ọlọ́lá ní Róòmù ní àgbàlá kan láàrin. Òrùlé tó yí i ká dẹ̀ wálẹ̀ síbẹ̀, agbada omi kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń gba òjò. Impluvium ni wọ́n ń pe agbada náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá rí ilé Yorùbá àti ti Edo, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n mú lò fún un. Òun náà ni wọ́n fi ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ tí àwọn Jola ń kọ́ ní Casamance, lórílẹ̀-èdè Senegal.

Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé Róòmù ló kọ́ wa. Òjò àti oòrùn ló kọ́ tọ̀tún-tòsì, ibi kan náà sì ni wọ́n jọ já sí.

Bí ilé alágbàlá ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú agbo ilé àtijọ́, ilé gígùn mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí àgbàlá yóò sì wà láàrin. Ibi tí òrùlé náà ti yọ jáde sójú àgbàlá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó ló sì gbé e dúró. Yàrá wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé kì í pọ̀ lára ògiri ìta. Ojú àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Bí òjò bá ti ń ṣú, àwọn obìnrin ilé á ti máa to ìkòkò àti àmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi tó bá kún àmù ni wọ́n máa mu, òun ni wọ́n máa fi dáná. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á ṣàn gba ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ògiri, á sì jáde síta. Bí ihò yìí bá dí, gbogbo ilé ló máa mọ̀, torí náà iṣẹ́ ẹnì kan ni láti máa kó ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru ló wá fi ọgbọ́n àgbàlá hàn jù. Lálẹ́, ilẹ̀ àgbàlá tó ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run máa ń tètè tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀ sílẹ̀ sínú àgbàlá, tó sì máa ń rọra wọ inú yàrá. Bí oòrùn bá gòkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè àgbàlá jáde. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ara ògiri yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun á sì gbé e lọ.

Ètò ilé náà tún ní bó ṣe ń sọ ẹni tó lè dé ibi báyìí. Gbogbo ayé ló ni ojúdé. Àlejò tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ á wọlé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Iyàrá ni ti ẹni tó ni ín. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni wọ́n ń gbà wọlé, kò sì sí bí àjèjì ṣe máa gbà á kọjá tí ojú ẹnì kan kò ní tó o. Ọmọ tó bá ń ṣeré ní àgbàlá náà, ojú ìyá mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀.

Bí ipò bá ṣe ga sí ni àgbàlá ṣe ń pọ̀ sí. Wọ́n ní ààfin Ọlọ́wọ̀ ti Ọ̀wọ̀ ní àgbàlá tó tó 100 nígbà kan. Kọ̀bì, ìyẹn òrùlé tó máa ń yọ síwájú lára ilé, ọba ló wà fún. Gbajúmọ̀ tó bá lówó tó ọba kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn ṣe kọ̀bì sí ilé tirẹ̀.

Ilé Ifẹ̀ fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá

Bí omi bá ń já lu ilẹ̀ lójú kan náà lọ́dọọdún, ó máa ń gbẹ́ ẹ. Àwọn ará Ilé Ifẹ̀ ti wá ojútùú sí èyí láti ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, ni wọ́n tò ní ìbú, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ àgbàlá fi le bí òkúta. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ láàrin ọdún 1971 sí 1973, ó rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ọbalárá àti Wóyè Àsírí, ìkòkò sì wà tí wọ́n rì sínú àwọn kan.

Ìtàn Ifẹ̀ ní Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ìlú náà bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Bí wọ́n ṣe to àpáàdì náà ní ìlà ìlà, tí wọ́n tún fi òkúta funfun sáàrin rẹ̀ níbòmíì, fi hàn pé ẹni tó ṣe é kò ro ọ̀rọ̀ omi nìkan. Ó fẹ́ kó dùn ún wò.

Kí ló dé tí Yorùbá fi ń "mọ" ilé?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ilé. Lónìí, a ń "kọ́" ilé. Àwọn àgbà máa ń "mọ" ilé, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Amọ̀ ló fà á.

Ìtòsí ilé ni wọ́n ti máa ń wa amọ̀ náà. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún padà gún un. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, gbogbo ìdílé àti àna ló máa ń wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ amọ̀ lé ògiri ní ipele ipele. Ẹ̀kọ́ tó le jù níbẹ̀ ni sùúrù: ipele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ògiri á wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì máa ń ṣe é.

Ògiri tó ti inú iṣẹ́ yìí jáde nípọn, ó lè tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn máa ń pẹ́ kó tó gba inú rẹ̀ kọjá. Tí ooru ọ̀sán bá fi máa dé inú yàrá, ilẹ̀ á ti ṣú, atẹ́gùn á sì ti tutù. Bulọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú, tí páànù wà lórí rẹ̀ láì sí àjà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù Kẹta, kò nílò àlàyé.

Òtá amọ̀ ni omi. Ìdí nìyẹn tí òrùlé fi máa ń yọ jáde kọjá ògiri dáadáa. Ní ìgbèríko igbó, ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Ní Ọ̀yọ́, koríko yìí ṣe pàtàkì débi pé ọdún kan wà fún un, ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin fi ń gbé e wá láti bo ààfin.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó dé Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1976, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Michael Vlach, kọ̀wé nípa irú ilé tóóró kan tó pọ̀ ní New Orleans, tí yàrá rẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Shotgun house ni wọ́n ń pè é. Vlach ní Haiti ni ilé náà ti wá, àti pé orísun rẹ̀ wà nínú ilé oníyàrá méjì ti Yorùbá, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí gígùn rẹ̀ sì tó ogún.

Ohun tó gbàfiyèsí nínú àlàyé rẹ̀ ni pé ìwọ̀n yàrá kò yí padà púpọ̀. Òrùlé yí padà, ohun èlò yí padà, igi pákó gba ipò amọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ṣì mọ bí yàrá tó yẹ ọmọ èèyàn ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, láìfi okùn wọ̀n ọ́n.

Òpó tó dà bí èèyàn

Àwọn ará Gíríìsì gbẹ́ òpó tó dà bí obìnrin sí tẹ́ńpìlì Erechtheion ní Athens ní ọ̀rúndún karùn-ún kí wọ́n tó bí Jésù. Orí àwọn obìnrin náà ni òrùlé dúró lé. Ní ilẹ̀ Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Nínú ọ̀kan lára wọn, ọba jókòó, ayaba tó ga jù ú lọ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Orí obìnrin náà ni ẹrù òrùlé wà. Ó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Chicago báyìí.

Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, London, ní 1924. Kò padà wálé. British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bóyá òwò náà dára tàbí kò dára, ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá agbẹ́gilére yìí ní láti wá físà.

Àwọn Àgùdà mú ilé ọlọ́gbọọgba wá

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ṣe ní Bahia lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá àti ìran wọn padà sílé láti Brazil. Èkó, Porto-Novo àti Ouidah wà lára ibi tí wọ́n fìdí sí. Àgùdà ni a ń pè wọ́n. Bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà nídìí ilé àwọn Potogí.

Ilé tí wọ́n kọ́ ni ìlànà Yúróòpù ti hàn kedere. Ẹnu ọ̀nà wà ní àárín gbùngbùn. Iye fèrèsé tó wà lọ́tùn-ún ló wà lósì. Òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, òdòdó àti ewé lára ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó la ilé já, tí yàrá sì kọjú sí ara wọn lọ́tùn-ún lósì. Ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yìí ni ilé tí a wá ń pè ní "face me I face you" ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

João Esan da Rocha kọ́ ilé kan sí Kakawa ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi nítorí kànga tó wà níbẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Porto-Novo, Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú náà dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i.

Ìdílé Fernandez kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Tinubu ní 1855. Ilojo Bar ni wọ́n wá mọ̀ ọ́n sí. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, katapílà wó o palẹ̀. Ilé tó ti wà kí wọ́n tó pa àríwá àti gúúsù Nàìjíríà pọ̀, òwúrọ̀ kan ló parí ayé rẹ̀.

Ọmọ ìyá àgbàlá ní Kumasi

Ìtàn Baoulé ní Ọbabìnrin Abla Pokou ló kó wọn kúrò ní ilẹ̀ Asante ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí wọ́n sọdá odò Comoé. Ní àyíká Kumasi tí wọ́n ti wá, àwọn ilé Asante díẹ̀ ṣì wà tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 1980. Ilé mẹ́rin ló yí àgbàlá kan ká. Ìsàlẹ̀ ògiri wọn pupa, òkè rẹ̀ funfun, àmì tí wọ́n fi amọ̀ ṣe sì wà lára rẹ̀. Ilé òrìṣà ni àwọn tó ṣẹ́ kù, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé gbígbé náà nìyẹn nígbà kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá wọ ibẹ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni ibi tí òun á jókòó sí.

Kí ló mú wa fi í sílẹ̀?

Kò yẹ kí èèyàn sọ ilé àtijọ́ di párádísè. Òrùlé koríko máa ń jóná, iná kan ṣoṣo sì lè ran odindi àdúgbò. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, amọ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú lẹ́yìn gbogbo òjò. Ẹni tó bá ń gbé agbo ilé kò ní àṣírí púpọ̀, pàápàá ìyàwó kékeré. Nígbà tí páànù dé, ó gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ wàhálà. Ogún pínpín náà dá sí i: bí baálé bá kú, tí ọmọ mẹ́wàá fẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀, àgbàlá ni wọ́n máa kọ́kọ́ pín, nítorí òun ni kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ojú tí ń tini náà wà níbẹ̀. Ilé alámọ̀ ti di àmì òṣì lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá sì lọ sí ìdálẹ̀ kì í fẹ́ padà wá kọ́ ohun tí aládùúgbò á pè ní ilé tálákà.

Àwọn méjì kan ti ń yí èrò yìí padà. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, fi bíríkì amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí abúlé rẹ̀. Ó gbé páànù sókè, kò jẹ́ kó fara kan àjà, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá kó sì kó ooru lọ. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Pritzker, èyí tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé.

Demas Nwoko, tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn, ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nínú ilé tirẹ̀ ní Idumuje-Ugboko, ní ìpínlẹ̀ Delta, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì ló fi ṣe ògiri, òrùlé sì ń da òjò sínú ilé gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kìnnìún oníwúrà ní Venice ní 2023 fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́dún yìí lè má ní agbára láti gba ayàwòrán tó lórúkọ. Àmọ́ kò ná èèyàn lówó rẹpẹtẹ láti jẹ́ kí òrùlé yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta dípò ọ̀kan, láti fi fèrèsé sí ògiri méjì tó kọjú sí ara wọn kí atẹ́gùn lè la yàrá já, láti ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí oòrùn ń wọ̀, tàbí láti so ọ̀pá mọ́ etí páànù kí òjò lè máa dà sínú táńkì. Bí ilẹ̀ bá fẹ̀ díẹ̀, ó lè fi àárín ilé sílẹ̀ gbayawu, ní ìwọ̀n yàrá kan péré. Bíríkìlà á kọ́kọ́ bi í bóyá ó gbàgbé láti fi òrùlé bo ibẹ̀ ni.